Orúkọ Yín Ò Bára Mu Lórí NIN, BVN àti Báńkì? Ibi Tí Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀ Rèé

"NIN mi ń jẹ́ Shola, BVN mi ń jẹ́ Sola, báńkì ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan owó mi mọ́. Ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn, a sì mọ ìdí rẹ̀: ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí òmíràn.

Ìdáhùn rẹ̀ rèé: NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún yín) ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má tíì lọ sí báńkì, ẹ má tíì lọ bá àwọn onísíìmù, ẹ má sì tíì san owó ìwé ìrìnnà. Inú NIN ni gbogbo wọn ti ń yẹ orúkọ yín wò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti báńkì, wọ́n á fi NIN rẹ̀ wo ohun tó kọ, wọ́n á rí i pé kò bára mu, wọ́n á sì ní kó padà lọ sí NIMC (àjọ tó ń fúnni ní NIN). Owó ọkọ̀ ti lọ, ọjọ́ ti lọ, orí ìlà ló sì ti lò ó.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ o. Ẹ fi í sọ́kàn pé ẹ lè jáde tó ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà: kóòtù, ilé ìwé ìròyìn, NIMC, báńkì, àti NPC (àjọ tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀) bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ni. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ètò yìí, ẹ ò ní lọ síbì kan lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí.

## Kí ẹ tó jáde nílé: ẹ wá àṣìṣe náà rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré lọ sí ọ́fíìsì láì mọ lẹ́tà tó wọ́ gan-an. Ẹ jókòó ti bébà àti bírò ná.

1. Ẹ tẹ *346# lórí síìmù tí ẹ fi gba NIN. Wọ́n á yọ ₦20 nínú owó ìpè yín, NIN yín tó jẹ́ dígíìtì mọ́kànlá (11) á sì jáde. Tí kò bá jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà mìíràn ló wà lórí NIN yín. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí ó máa dí yín lọ́wọ́ níwájú.
2. Ẹ mú sílíìpù NIN yín, kí ẹ da orúkọ inú rẹ̀ kọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má kọ bí ẹ ṣe rò pé ó wà.
3. Ẹ tẹ *565*0# fún BVN (nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dá yín mọ̀). Nọ́ńbà nìkan ni yóò yọ, orúkọ kò ní yọ. Ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí áàpù báńkì yín tó bá wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí òṣìṣẹ́ báńkì kà á fún yín.
4. Fún orúkọ àkáǹtì, ẹ ní kí ẹnì kan tó ń lo báńkì mìíràn tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín sórí áàpù rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́. Orúkọ yín á yọ. Kò nílò láti fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ kàn kọ orúkọ náà sílẹ̀, kó sì pa áàpù dé.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo báńkì tí ẹ ní, títí kan èyí tí ẹ ti pa tì.

Ẹ wá tò wọ́n sábẹ́ ara wọn: orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí, ọkùnrin tàbí obìnrin, nọ́ńbà fóònù. Ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bébà yìí ni ẹ ó máa mú káàkiri. Òun ni yóò gbà yín nígbà tí òṣìṣẹ́ bá bi yín pé "Kí ló ṣẹlẹ̀?" tí àwọn tó wà lórí ìlà sì ń tì yín láti ẹ̀yìn.

## Ibi tí orúkọ Yorùbá ti sábà máa ń bàjẹ́

Kọ̀ǹpútà wọn kì í gba ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì lábẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá tiyín wà nínú àwọn yìí:

- Lẹ́tà ṣ. Ẹnì kan á kọ Sade, ẹlòmíràn á kọ Shade. Akinsola àti Akinshola, Sola àti Shola. Létí wa orúkọ kan ni, lójú kọ̀ǹpútà èèyàn méjì ni.
- Olúwa. Oluwaseun wà lórí NIN, Oluseun wà lórí BVN, Seun lásán wà ní báńkì.
- Orúkọ tí wọ́n là sí méjì tàbí tí wọ́n fi ìlà so pọ̀: Wuraola àti Wura Ola, Ade-Ojo àti Adeojo.
- Orúkọ Mùsùlùmí tí ẹnu wa ti yí padà: Rasheedat, Rashidat, Rasidat, Maruf àti Morufu. Ẹni tó ń tẹ̀wé kọ ohun tó gbọ́, kò béèrè.
- Orúkọ ìdílé tó bọ́ sí àyè orúkọ àkọ́kọ́. Èyí pọ̀ gan-an, nítorí pé ilé ìwé ti kọ́ wa láti máa pe orúkọ ìdílé ṣáájú. Gbogbo lẹ́tà lè pé, síbẹ̀ kó má bára mu torí pé ibi tí wọ́n fi sí yàtọ̀.
- Orúkọ àárín tó jẹ́ lẹ́tà kan lórí ọ̀kan (A.), tó sì jẹ́ odindi lórí èkejì.
- Alhaja, Pastor tàbí Mrs tí wọ́n tẹ̀ mọ́ orúkọ.
- Ọjọ́ àti oṣù tó gba àyè ara wọn: 05/08 di 08/05.
- Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tí wọ́n fi fún àwọn àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn wà lórí ìwé ìfẹ̀yìntì wọn.

## Èwo ni kí ẹ mú ṣe olórí?

Ẹ má tíì kọ fọ́ọ̀mù kankan títí ẹ ó fi dáhùn ìbéèrè yìí. Àwọn tó bá fo ibí yìí ni wọ́n ń tún NIN ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo gbogbo ìwé yín, kí ẹ mú èyí tó ṣòro jù láti yí padà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí ti yunifásítì ni, nítorí wọn kì í sábà tún orúkọ kọ sórí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti fi síta. Bí WAEC yín bá jẹ́ Shade, ẹ jẹ́ kí NIN yín náà jẹ́ Shade, kódà bó bá wù yín kó jẹ́ Sade. Ẹ ó rí i pé ẹ ti dín iṣẹ́ kù sí ìdajì.

Òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ ṣọ́ra níbí. Ọjọ́ ìbí tí ẹ kọ nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ ni wọ́n máa fi fẹ̀yìn yín tì, ìbúra kóòtù kì í sì í yí i padà. Òun ni kí ẹ mú ṣe olórí, kí NIN tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó: kò sí òfin ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ di dandan kí ẹ gba orúkọ ọkọ. Tó bá wù yín, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbà á níbi gbogbo láàárín àkókò kan náà. Kí báńkì máa jẹ́ orúkọ ọkọ, kí NIN máa jẹ́ orúkọ bàbá, ìyẹn ló ń bí wàhálà.

## Àwọn ìwé tí ẹ nílò

Ohun tí wọ́n máa béèrè dá lórí irú àtúnṣe náà.

Lẹ́tà kan tàbí méjì tó wọ́, tàbí orúkọ tó gba àyè ara wọn: ìwé ìbúra kóòtù tó sọ pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì, pẹ̀lú ìwé mìíràn tí orúkọ tó tọ́ wà lórí rẹ̀ (ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà tàbí ìwé ẹ̀rí ilé ìwé).

Orúkọ tó yí padà pátápátá: ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn.

Orúkọ ọkọ: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ẹ fi ìwé ìbúra àti ìkéde kún un tí ẹ bá ní in, nítorí báńkì mìíràn á béèrè.

Ọjọ́ ìbí: ìwé láti ọ̀dọ̀ NPC. Àwọn tí wọ́n bí láti ọdún 1992 síwájú ń gba ìwé ìbí. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn ń gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation. Ìwé tí ilé ìwòsàn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì fún yín kò tó nìkan, àmọ́ ẹ mú un dání lọ sí NPC.

### Ìwé ìbúra kóòtù

1. Ẹ lọ sínú ọgbà kóòtù fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba ìbúra. Àwọn tó dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń pariwo "affidavit, affidavit", ẹ rọra kọjá lára wọn. Òǹtẹ̀ ayédèrú wà, NIMC tàbí báńkì ló sì máa dá a mọ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán.
2. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní kedere: ṣé àṣìṣe lẹ́tà ni, tàbí ẹ fẹ́ pààrọ̀ orúkọ? Ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì yàtọ̀. Bí wọ́n bá kọ "pààrọ̀ orúkọ" fún ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ló wọ́, wọ́n á tún máa béèrè ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀.
3. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka orúkọ méjèèjì lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ fi bébà tí ẹ kọ nílé wò ó.
4. Ẹ gba rìsíìtì owó tí ẹ san. Ẹ wò ó pé òǹtẹ̀, ọjọ́ àti fọ́tò yín wà lórí ìwé náà.
5. Ẹ ṣe fótókópì márùn-ún. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

### Ìkéde inú ìwé ìròyìn

Ohun mẹ́ta ni ìkéde máa ń ní: orúkọ tí ẹ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ tí ẹ fẹ́ máa jẹ́, àti gbólóhùn tó sọ pé gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì wúlò. Bí gbólóhùn kẹta yẹn kò bá sí níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé yín lè di ìṣòro lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n tẹ̀ hàn yín kó tó jáde. Àṣìṣe inú ìkéde tó yẹ kó tún àṣìṣe ṣe kì í ṣe ohun kékeré. Lọ́jọ́ tó bá jáde, ẹ ra ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má gé ìkéde náà jáde. Odindi ojú ewé ni kí ẹ tọ́jú, kí orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ hàn lókè.

## Títún NIN ṣe

Ọ̀nà méjì ló wà: lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín, tàbí ní sẹ́ńtà NIMC. Ti íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ẹni tí síìmù tó fi gba NIN ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí síìmù yẹn ti sọnù, àgbàlagbà, àti ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò jọ ọ́ mọ́ rárá, ẹ gba sẹ́ńtà lọ.

Owó. Ní 2025, NIMC kéde ₦2,000 fún àtúnṣe orúkọ, àdírẹ́sì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ₦28,574 fún ọjọ́ ìbí. Ẹ rí i pé ọjọ́ ìbí kì í ṣe nǹkan téèyàn ń dán wò. Ẹ múra sílẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Ẹ wo iye tó wà lójú ewé wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ san.

### Lórí íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ẹ lọ sí ojú ewé àtúnṣe NIMC. Àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí sí nimc.gov.ng. Bí ó bá parí sí nǹkan mìíràn, ẹ jáde kíá.
2. Ẹ fi NIN yín wọlé. Wọ́n á fi OTP (nọ́ńbà àṣírí tí ẹ ó lò lẹ́ẹ̀kan) ránṣẹ́ sí síìmù tó wà lórí NIN. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ OTP yìí, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́ ní káfẹ̀.
3. Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe, kí ẹ sì kọ tuntun náà bó ṣe wà lórí ìwé ìbúra. Kí lẹ́tà kan má yàtọ̀.
4. Ẹ fi ìwé yín sórí rẹ̀. Ìwé tí ẹ fi fóònù yà lálẹ́ lábẹ́ iná pupa, tí òjìji ọwọ́ yín bo òǹtẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn.
5. Ẹ sanwó níbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ìsanwó àti rìsíìtì. Bí owó bá yọ tí ojú ewé kò sì sọ nǹkan kan, ẹ má sáré san án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dúró, kí ẹ tún wọlé wò ó pẹ̀lú nọ́ńbà náà.
6. Ẹ máa wọlé wò ó títí yóò fi sọ pé wọ́n ti gbà á.

### Ní sẹ́ńtà

Ẹ tètè dé, nítorí sávà (kọ̀ǹpútà àgbà wọn) máa ń yá ní kùtùkùtù. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ó bá kàn yín, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Àtúnṣe orúkọ ni mo wá ṣe, mi ò wá gba NIN tuntun. Ìwé mi pé, àṣìṣe náà rèé." Kí ẹ wá na bébà tí ẹ fa ìlà pupa sí yẹn sí i.

Gbólóhùn "mi ò wá gba tuntun" ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá lọ gba NIN lẹ́ẹ̀kejì torí pé ó rò pé ó yá jù, ìka ọwọ́ rẹ̀ á tú u fó, ìṣòro rẹ̀ á sì di méjì. Òfin NIMC pàápàá kò fàyè gba kéèyàn forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ìka kò bá wọlé lára ẹ̀rọ, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò lè ṣe é. Ọwọ́ àgbẹ̀, bíríkìlà, onídìrí àti ìyá àgbà máa ń gbẹ, ìlà ìka sì máa ń parẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ nílé, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, kí ẹ sì nù ún kí ẹ tó tẹ ìka. Ẹ bẹ òṣìṣẹ́ kó gbìyànjú ìka mìíràn. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n máa ya yín ní fọ́tò, ẹ wé gèlè tí kò bo ojú àti etí.

Kí òṣìṣẹ́ tó fi í ránṣẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín, kí ẹ sì ka gbogbo lẹ́tà sókè. Ìṣẹ́jú kan péré ni, òun ló ń gba oṣù kan là. Ẹ sanwó sórí ìkànnì ìjọba, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́.

Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ gba sílíìpù tuntun jáde, kí ẹ sì rí orúkọ tuntun lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ pé "ó ti wọlé" kò tíì tó.

## Bí ìgbésẹ̀ kan bá yọrí, ẹ kà á

Nǹkan tó ń jẹ́ kí èèyàn pa iṣẹ́ yìí tì láàárín ni pé ó ń wo òpin nìkan. Ọjọ́ tí ẹ gba ìwé ìbúra tó mọ́ tónítóní, iṣẹ́ ti yọ. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan fi sùúrù ka orúkọ yín pẹ̀lú yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì rántí bó ṣe rí, nítorí ẹ lè tún nílò rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, ọ́fíìsì, ohun tí ẹ ṣe, nọ́ńbà rìsíìtì. Èyí tó bá ti yọrí, ẹ sàmì sí i. Tí inú bá bí yín lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì lọ, ẹ ṣí ìwé náà, ẹ wo àwọn àmì yẹn. Ó ń gba èèyàn níyànjú lóòótọ́.

Ọ́fíìsì kan lóòjọ́ tó. Ẹni tó fẹ́ parí kóòtù, NIMC àti báńkì lọ́jọ́ kan ló máa ń gbàgbé ojúlówó ìwé sórí ẹ̀rọ fótókópì.

## Ó wá kan BVN àti báńkì

Sílíìpù tuntun ti wà lọ́wọ́? Ó yá.

1. Ẹ lọ sí báńkì tí ẹ ní àkáǹtì sí. Ẹ má lọ ní òpin oṣù nígbà tí wọ́n ń sanwó oṣù.
2. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù àtúnṣe BVN. Ẹ sọ ọ́ pé BVN ni ẹ fẹ́ tún ṣe *àti* orúkọ àkáǹtì. Nǹkan méjì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tún BVN ṣe tán, wọ́n á ṣì rí orúkọ àtijọ́ lórí àkáǹtì, wọ́n á rò pé kò ṣiṣẹ́.
3. Ẹ fún wọn ní fótókópì sílíìpù tuntun, ìwé ìbúra, àti ìkéde tàbí ìwé ìgbéyàwó. Ojúlówó á wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n kàn wò ó.
4. Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí, tàbí nọ́ńbà tí ẹ lè fi béèrè rẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láì gba ọ̀kan nínú méjèèjì. Báńkì tí kò fún yín ní nǹkan kan, ẹ rọra béèrè mánijà.
5. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí báńkì yín yòókù fún orúkọ àkáǹtì.

Ọjọ́ ìbí lórí BVN, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà láti yí i padà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ni, ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan sáré tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ padà sí ọgbọ́n ti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín sórí áàpù rẹ̀. Bí orúkọ tuntun bá yọ, ó ti parí.

## Àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra

- Síìmù: ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì yín pẹ̀lú sílíìpù tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ so NIN mọ́ ọn fúnra yín, ẹ tẹ *996#.
- Owó ìfẹ̀yìntì: ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ yín.
- JAMB: ẹ parí NIN ọmọ kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí inú NIN ni wọ́n ti ń fa orúkọ rẹ̀ jáde.
- Ìwé ìrìnnà: òun ni kó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú ewé 32 ti ọdún márùn-ún, ₦200,000 ni olójú ewé 64 ti ọdún mẹ́wàá. Ẹ má san irú owó yẹn sórí orúkọ tó wọ́.

## Bí wọ́n bá dá a padà

Ẹ má sanwó mìíràn, ẹ má sì lọ bá àgẹ́ǹtì. Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ. Nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́:

1. Ìwé kò hàn kedere. Ẹ tún un yà, ẹ tún un fi ránṣẹ́.
2. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù àti inú ìwé ìbúra yàtọ̀ ní lẹ́tà kan. Ẹ tún fọ́ọ̀mù kọ. Bó bá jẹ́ ìwé ìbúra ló wọ́, kóòtù ni kí ẹ padà sí.
3. Fọ́tò tí ẹ yà kò bá ti NIN mu. Ẹ bọ́ jígí àti fìlà, ẹ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tó bá tún kọ̀, ẹ lọ sí sẹ́ńtà.
4. Ìwé tí wọ́n béèrè kọ́ ni ẹ fi sí i. Èyí wọ́pọ̀ fún ọjọ́ ìbí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ìwé ilé ìwòsàn dípò ti NPC.

## Àwọn àgẹ́ǹtì tó ń jẹ láàárín

Àgẹ́ǹtì tó ní òun máa ṣe é "láàárín wákàtí kan, ẹ ò ní yọjú", ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí ló máa fi NIN, fọ́tò àti OTP yín ṣe lẹ́yìn náà. Ohun mẹ́ta yẹn tó láti fi gba owó lórúkọ yín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yẹ NIN yín wò, ẹ lè fún un ní vNIN (nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tó dúró fún NIN yín) láti orí áàpù NIMC dípò nọ́ńbà gidi. Lẹ́yìn wákàtí 72, kò wúlò mọ́.

## Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ètò kan náà ni: NIN ṣáájú, ìwé ìrìnnà lẹ́yìn. NIMC ní àwọn sẹ́ńtà àti ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí ní Britain, Amẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè mìíràn, ṣùgbọ́n owó wọn yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà lójú ewé NIMC kí ẹ tó sanwó. Fún BVN, CBN (báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà) àti NIBSS (ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó BVN) ṣí ètò NRBVN ní oṣù Karùn-ún 2025, tí ẹni tó wà lókè òkun lè fi gba BVN lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé ìbúra àti ìkéde ìwé ìròyìn, ẹ lè nílò èèyàn tí ẹ fọkàn tán nílé tó máa bá yín sáré rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ náà ránṣẹ́ sí i ní lẹ́tà ńlá, ẹ má fi ohùn sọ ọ́ lórí fóònù.

## Ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì yín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan

- Bébà tí ẹ fa ìlà pupa sí
- Sílíìpù NIN àtijọ́ àti tuntun
- Ìwé ìbúra: ojúlówó kan, fótókópì márùn-ún
- Odindi ojú ewé ìwé ìròyìn
- Ìwé NPC tàbí ìwé ìgbéyàwó, bó bá kàn yín
- Fọ́tò pélébé mẹ́rin
- Rìsíìtì gbogbo
- Bírò tiyín, omi, àti páwà báńkì

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ má sọ ìwé àtijọ́ nù. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ gbà kí orúkọ tó yí padà ṣì ń jẹ́ orúkọ àtijọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ gbaṣẹ́ tàbí tí ẹ ń wá ìwé ìwọ̀lú, ìwé ìbúra àti ojú ewé ìwé ìròyìn yẹn ló máa so méjèèjì pọ̀. Ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yín, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sínú ímeèlì yín.